Ẹni Tí A Ní Kó Máa Ṣọ́ Aṣọ

Gbogbo ẹni tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ wa ló mọ ẹni tí mò ń sọ yìí. Bí aago eré ìdárayá bá ti lù, tí a bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀, tí a sì sáré bọ́ sórí pápá, ẹnì kan á ṣẹ́ kù sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú òkìtì aṣọ níwájú rẹ̀. Nínú kíláàsì tèmi, ọmọkùnrin kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré ni. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá iṣẹ́ náà wù ú. Olùkọ́ wa kàn máa ń sọ pé, "Ìwọ, máa bá wọn ṣọ́ aṣọ," òun náà á sì jókòó, á máa ká ṣẹ́ẹ̀tì wa ní ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un wá sílé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà la fi wà pọ̀. Mi ò rántí pé ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rí, àfi ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá yí dé abẹ́ igi, tí yóò sì jù ú padà sí wa. Ó máa ń jù ú jìnnà, ó sì máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú sí gan-an. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe ń hàn níwájú wa lójoojúmọ́, a ò sì rí i.

Mo dàgbà, mo di olùkọ́ ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ eré ìdárayá lọ́la. Ní ọdún kẹta tí mo débẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan wá sórí tábìlì mi pé kí n buwọ́ lù ú. Ìwé náà sọ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń fi ọ̀pá méjì rìn kò ní lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kọ́ọ̀sì fọ́líbọ́ọ̀lù, pé kí ó kọ àròkọ olójú ewé mẹ́wàá lórí ìtàn eré náà dípò rẹ̀, kí a sì fún un ní máàkì tó bá tọ́ sí i. Àánú ni mo pè é. Mo buwọ́ lù ú láàárín ìṣẹ́jú kan, mo sì kọjú sí iṣẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ kejì ni ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ, ó kí mi, ó jókòó, ó to àwọn ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló sọ fún yín pé mi ò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìwé ọjọ́ àná ṣì wà lórí tábìlì, orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá kan ló rí i bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, àánú rẹ̀ ṣe é, ó ní kí akọ̀wé tẹ ìwé, akọ̀wé tẹ̀ ẹ́, èmi sì buwọ́ lù ú. Ènìyàn mẹ́ta la pawọ́ pọ̀ yọ ọ́ kúrò lórí pápá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì rò pé oore la ṣe. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà wá pé kó má lọ ṣubú. Kò bínú. Ó wò mí, ó ní: "Mà, láti ọmọ ọdún méjì ni mo ti ń ṣubú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú ju gbogbo kíláàsì yín lọ." Òótọ́ ló sọ, mo sì fojú ara mi rí i nígbà tó yá. Bí ó bá ti mọ̀ pé òun ń lọ ilẹ̀, á ju àwọn ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà gún òun, á ká ìgbọ̀nwọ́ sínú, á fi ẹ̀yìn èjìká gba ilẹ̀, á sì yí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn olùkọ́ júdò máa ń lò kí wọ́n tó rí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣubú bẹ́ẹ̀ láìfi ọwọ́ ṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí orúkọ tí à ń pe àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀. A ní aláàbọ̀ ara, bí ẹni pé ara wọn kò ju àbọ̀ lọ. Nígbà tí orúkọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn ènìyàn létí, a wá ń gbọ́ àkàndá ẹ̀dá lórí rédíò, ìyẹn ẹni tí Ẹlẹ́dàá dìídì dá lọ́tọ̀. Ó dùn ún gbọ́ ju ti ìṣáájú lọ, èmi náà sì ń lò ó, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé méjèèjì lé ìwọ̀n, ọ̀kan ń gé wọn kù, èkejì ń gbé wọn sórí pẹpẹ, kò sì sí èyí tó jẹ́ kí wọ́n jókòó ti wa nínú méjèèjì. Àwọn baba wa náà ti ní irú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni òòṣà ni abuké, arọ àti àfín, pé Ọbàtálá tó ń mọ ènìyàn ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ìtàn kan sì wí pé ẹmu ni ó mu yó lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣàdúrà fún aláboyún pé kí òòṣà ya ọnà ire kò wá. Ọ̀wọ̀ wà nínú ìgbàgbọ́ yẹn, ìbẹ̀rù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ nínú gbogbo rẹ̀, mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n pe ẹni òòṣà kó wá bá wọn ja ìjàkadì lábẹ́ òṣùpá. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè orúkọ tó fẹ́ kí n máa lò fún un nínú ìwé tí mo bá ń kọ sí ẹ̀ka. Ó ní òun ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn, kí n lo ìyẹn.

Mo fa ìwé náà ya. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbé ìwé máàkì kọ́ọ̀sì wa jáde, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá yé mi gan-an. Nínú 40 máàkì tó wà fún iṣẹ́ orí pápá, 5 wà fún bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe dúró, 5 wà fún bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, 10 sì wà fún fífò níwájú nẹ́ẹ̀tì. Kí ọmọ yìí tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá, ìdajì máàkì ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lo ìwé yẹn láìbi ara mi léèrè ohun tí à ń wọ̀n. Ṣé gíga tí ènìyàn lè fò ni, àbí bóyá ó lè kọ́ ọmọ ọlọ́dún méjìlá bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbé bọ́ọ̀lù sókè fún ẹnì kejì? Olùkọ́ ni ìwé ẹ̀rí wa ń sọ ènìyàn dà. Nẹ́ẹ̀tì fọ́líbọ́ọ̀lù ga ní mítà 2.43 fún ọkùnrin, ó ga ní mítà 2.24 fún obìnrin, ènìyàn ló sì fi í síbẹ̀. Kì í ṣe òkè tí a bá níbẹ̀ nígbà tí a dé ayé.

Àwọn ará Netherlands ti sọ nẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀ láti ọdún 1956, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù àjókòógbá. Nínú eré yìí, pápá kéré sí ti tẹ́lẹ̀, mítà 10 sí mítà 6, nẹ́ẹ̀tì kò sì ga ju mítà 1.15 lọ fún ọkùnrin àti mítà 1.05 fún obìnrin. Ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà ló ń gbá a ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òfin tó sì ju gbogbo òfin lọ ni pé ìdí kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ń kan bọ́ọ̀lù. Láti ọdún 1980 ni wọ́n ti ń gbá a ní ìdíje Paralympics, ìyẹn Olympics àwọn tó ní ìpèníjà ara. Mo mọ gbogbo èyí nínú ìwé. Mo tilẹ̀ ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa, títí kan èmi olùkọ́ wọn, tó ti jókòó sílẹ̀ gbá a rí.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni a gbìyànjú rẹ̀. Bàbá tó ń tọ́jú pápá wa fa ẹfun sórí sìmẹ́ǹtì ilé ìdárayá, a so nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga méjì, mo sì ní kí gbogbo ènìyàn jókòó. Ẹni tó ga jù nínú kíláàsì náà, ọmọkùnrin kan tí gbogbo yunifásítì mọ̀ fún fífò, jókòó bí ẹni tí wọ́n gbìn sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó na ọwọ́, kò tó o. Bọ́ọ̀lù dé ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fẹ́ dìde, wọ́n fun fèrè. Ẹsẹ̀ gígùn tó ń gbé e lékè nẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ wá di ẹrù tó ní láti máa wọ́ kiri. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn kó ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó sún. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ti ilẹ̀, ó sì ti dé abẹ́ bọ́ọ̀lù kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù tó yí orí padà. Bí ó ṣe ń rìn nílé wọn kí ó tó rí ọ̀pá nìyẹn, láti ọmọ ìrákòrò títí di ọmọ ọdún mẹ́jọ. Èjìká rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọkùnrin gíga yẹn pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń fi ọwọ́ yẹn ṣe é?" Mo gbọ́ ọ dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní kíláàsì kan náà, kò pè é ní ẹ̀gbọ́n rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́ níhìn-ín. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kò kọ́ mi pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dára ju ẹni tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tó kọ́ mi ni pé nígbà tí òfin eré yí padà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe pààrọ̀ ipò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ara ẹnikẹ́ni kò sì yí padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, apá kan nínú ohun tí à ń pè ní àìlera ọmọ yìí ti wà nínú ìwé máàkì mi àti nínú gíga nẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A mọ òwe yìí, a ń pa á fún àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n lórí pápá, ọ̀nà kan ṣoṣo la là, a sì ní kí ẹni tí kò bá lè gba ibẹ̀ máa ṣọ́ ẹrù wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí a ti kọ́ ìwà yìí, n ó sọ pé apá kan rẹ̀ wá láti ilé ìwòsàn, nítorí ibẹ̀ ni ìdíje Paralympics ti bẹ̀rẹ̀. Ludwig Guttmann, dókítà Júù tó sá kúrò ní Jámánì ní ọdún 1939, ló dá ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn sójà tó fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe sílẹ̀ ní Stoke Mandeville nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1944. Kí ó tó dé, orí bẹ́ẹ̀dì ni irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀ máa ń wà títí ikú á fi dé. Ní July 29, ọdún 1948, ọjọ́ kan náà tí wọ́n ṣí Olympics ní London, ó kó ènìyàn 16 jọ, ó fún wọn ní ọfà àti ọrun, wọ́n sì díje lórí àga onítáyà. Nígbà tó fi di Paralympics àkọ́kọ́, ní ọdún 1960 ní Rome, nǹkan bí 400 eléré ló wá láti orílẹ̀-èdè 23. Iṣẹ́ ńlá ni ọkùnrin yìí ṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n èrò pé oògùn ni eré jẹ́ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò tíì kúrò lára wa. Bí ọmọ tí ara rẹ̀ pé bá ń gbá bọ́ọ̀lù, a ní ó ń ṣeré. Bí èyí tó ń fi ọ̀pá rìn bá gbá a, a ní ó ń gba ìtọ́jú, a sì ń wá nọ́ọ̀sì tó máa dúró tì í.

Ní sáà tó tẹ̀lé e, a kan eré àwọn afọ́jú tí wọ́n ń pè ní goalball. Ọdún 1946 ni Hans Lorenzen àti Sepp Reindle dá a sílẹ̀ fún àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú. Pápá rẹ̀ jẹ́ mítà 18 sí mítà 9, ìyẹn sì bá ti fọ́líbọ́ọ̀lù mu gẹ́lẹ́, nítorí náà a ò nílò láti fa ìlà tuntun. Ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbá a, gbogbo wọn ló ń fi aṣọ bo ojú, wọ́n sì ń yí bọ́ọ̀lù tó wọn kílò 1.25, tí ṣaworo wà nínú rẹ̀, kí ó lè wọ ilé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kejì. Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ibi tó ń gbà bọ̀, ara ni wọ́n sì fi ń dí i. Kò sí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A mú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá kan, a wé ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà mọ́ ọn lára nílọ̀ọ́po mẹ́ta, ariwo rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì sì tó. A na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ìlà pápá, a fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ìka ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa rí ibi tí ìlà wà. Ohun tó dà wá láàmú jù lọ ni jẹnẹrétọ̀ ilé ìfowópamọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdárayá, nítorí eré yìí kò ṣeé ṣe níbi tí ariwo bá wà. Aago mẹ́fà àárọ̀ la wá ń gbá a kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà.

Ọmọkùnrin afọ́jú kan láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn tó nílò àmójútó àkànṣe ló wá kọ́ wa. Mo rí i bó ṣe kúnlẹ̀, ó fi ìka wá okùn, ó fi gìgísẹ̀ kàn án, ó wá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ó dákẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá náà dún láti apá kejì, ó ti na gbogbo ara rẹ̀ gbọọrọ sí ọ̀tún kí èmi tí ojú mi là kedere tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

Mo ní láti sọ ohun kan nípa aṣọ ìbojú yẹn, nítorí mo mọ àwọn olùkọ́ kan tó máa ń di akẹ́kọ̀ọ́ lójú, tí wọ́n á ní kí ó rìn yí ọgbà po fún wákàtí kan kí ó lè mọ bó ṣe rí kéèyàn fọ́jú. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n di lójú fún wákàtí kan kò mọ nǹkan kan nípa ìfọ́jú ju ìpayà àkọ́kọ́ lọ. Kò mọ ogún ọdún tí etí ti fi ń kọ́ ìró, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bí ọwọ́ ṣe ń ka ilé. Bí ó bá tú aṣọ náà kúrò, á ní, "Áà, wọ́n ń jìyà o," àánú rẹ̀ á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú goalball, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí aṣọ ìbojú ń ṣe. Òfin eré ni, gbogbo ènìyàn ló dè mọ́, kò sì sí ẹni tó ń fi ṣe àfarawé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bọ́ tiwọn kúrò, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìyà. Wọ́n ń bi ọmọkùnrin yẹn léèrè bó ṣe mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kẹta máa gba igun.

Àdánwò àánú yìí le ju bí mo ṣe rò lọ, mo sì rí i ní ojúkojú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn àti èmi jọ ń bọ̀ láti pápá, ó wọ aṣọ eré, bọ́ọ̀lù wà nínú àpò àwọ̀n tó gbé kọ́ ọrùn, òógùn ṣì ń ṣàn lójú rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ìyá kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó rìn wá bá a, ó fi igba náírà lé e lọ́wọ́, ó gbàdúrà fún un, ó sì lọ. Kò wo bọ́ọ̀lù náà rárá. Ọmọ yìí dúró, owó wà láàárín ọ̀pá àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mà, ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé." Inú rere ni ìyá náà fi ṣe é, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi dùn mí. Òun náà ti rí ẹni tí ń ṣọ́ aṣọ rí nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi ohun mìíràn hàn án láti ìgbà náà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun mìíràn wà tí wọn ì bá fi hàn án. Ní Rio ní ọdún 2016, àmì ẹ̀yẹ idẹ kan ṣoṣo ni Nàìjíríà mú bọ̀ láti Olympics. Àwọn eléré wa tó lọ sí Paralympics ọdún kan náà mú 12 bọ̀, 8 nínú rẹ̀ sì jẹ́ wúrà. Ní Paris ní ọdún 2024, Olympics lọ, a ò rí nǹkan kan mú bọ̀, àwọn ti Paralympics sì mú 7 wálé. Mariam Eniola Bolaji gba idẹ nínú badminton níbẹ̀, òun sì ni ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú eré náà ní Paralympics. Onyinyechi Mark, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 61 lọ, gbé irin kílò 150, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta gédégédé. Folashade Oluwafemiayo gbé kílò 167. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí obìnrin tó gbé tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré yìí, nínú ìsọ̀rí ìwọ̀n àwọn méjèèjì. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń gbé e: wọ́n á nà gbalaja lórí bẹ́ńṣì, wọ́n á fi bẹ́líìtì de ẹsẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sọ irin náà kalẹ̀ sórí àyà, wọ́n á dá a dúró níbẹ̀ láìmì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó tì í sókè. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ló ń wò wọ́n. Bí apá kan bá ṣáájú apá kejì díẹ̀ báyìí, iná pupa á tàn.

Síbẹ̀, mo ń ṣọ́ra fún àmì ẹ̀yẹ wọ̀nyí nígbà tí mo bá ń kọ́ni. Mo ti rí i pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, kíláàsì á ní, "Iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run," wọ́n á pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wo iṣẹ́ ìyanu kì í béèrè iye ọdún tí wọ́n fi gbé irin kí wọ́n tó dé Paris, ta ni kóòṣì wọn, kí ni wọ́n jẹ, ibo ni wọ́n ti rí bẹ́ńṣì. Ọmọ tí kò ní gba àmì ẹ̀yẹ láéláé ńkọ́, ọmọ tó kàn fẹ́ ṣeré kó lè sùn dáadáa lálẹ́? Kò yẹ kó dìgbà tí ó bá gbé sìmẹ́ǹtì mẹ́ta kí a tó jẹ́ kí ó kúrò lábẹ́ igi máńgòrò.

Kò pẹ́ tí ẹlẹgbẹ́ mi kan, tó jẹ́ àgbà fún mi, fi sọ fún mi pé mò ń ba ojúlówó ẹ̀kọ́ jẹ́. Ó ní bí a bá ń sọ nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ fún ẹnì kan lónìí, a ó máa sọ ọ́ kalẹ̀ fún gbogbo ọ̀lẹ lọ́la. Mo fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, mo sì ní kí ó wá jókòó gbá eléyìí tí a sọ kalẹ̀ náà. Ó wá, ó sì gbá ìlàjì eré. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ mọ́. Ibi tí a kò tíì gbà fún ara wa ni ti owó. Ó ní yunifásítì kò ní owó tí yóò fi ṣe àtúnṣe ilé ìdárayá, àtẹ̀gùn mẹ́rin ló sì wà ní ẹnu ọ̀nà ilé náà. Mo rán an létí pé òfin tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní January 2019, fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní January 2024. Àtẹ̀gùn mẹ́rin yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bàbá tó ń tọ́jú pápá wa ló lọ wá pákó méjì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó kàn wọ́n pọ̀, ó gbé wọn lé ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí pákó yẹn la ń gbà títí di òní.

Ohun tí mo yí padà nínú kọ́ọ̀sì kò pọ̀. Tẹ́lẹ̀, orúkọ àìsàn ni a máa ń kọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ eré ìdárayá fún àwọn tó ní ìpèníjà ara: rọpárọsẹ̀, ìfọ́jú, etí dídi, ohun tó fà á, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á gba A, wọ́n á sì jáde láìbá ẹnì kan tó ń fi ọ̀pá rìn ju bọ́ọ̀lù síra wọn rí. Nísinsìnyí, ìdánwò ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ darí eré kan fún ogún ìṣẹ́jú nínú kíláàsì tí oríṣiríṣi ara wà, kí ó má sì sí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lè yí pápá padà, ó lè yí bọ́ọ̀lù padà, ó lè yí òfin tàbí iye ènìyàn padà, ṣùgbọ́n kò lè yọ ẹnikẹ́ni kúrò. Èmi náà ń kọ́ ọ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ adití kan ló jẹ́ kí n mọ̀ pé fèrè tí mò ń fun láti ọjọ́ yìí kò wúlò fún gbogbo ènìyàn. Áńkáṣífù funfun ni mo ń jù sókè báyìí, mo sì rí i pé àwọn tó ń gbọ́ràn náà ń tètè dúró ju ti ìgbà fèrè lọ.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi ni wọ́n rán lọ wo ọmọkùnrin gíga ọjọ́sí, ẹni tó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbìn sílẹ̀. Mo dé ilé ẹ̀kọ́ náà láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Okùn ìsáṣọ ni ó so láti ara igi máńgòrò dé ara òpó góòlù, kò ga ju àyà ọmọdé tó jókòó lọ, gbogbo kíláàsì sì wà nílẹ̀ lórí koríko, olùkọ́ wọn náà wà nílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Yunifọ́ọ̀mù wọn wà lórí òkúta kan lábẹ́ igi, ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi irin de ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń fi ọwọ́ na ìlà ẹfun, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ há. "Bọ́ọ̀lù yẹn jáde, sà! Ó jáde! Ẹ wo ojú ibi tó bọ́ sí!" Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kejì ń pariwo pé irọ́ ló ń pa, wọ́n ń pè é lórúkọ, ọ̀kan nínú wọn ní ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àná. Ó ta kú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀, ó sún lọ síbi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí láti lọ fi ojú ibẹ̀ hàn wọ́n.